Àgádágodo Ilé Búrẹ́dì

Ní míìtìn láńlọ́ọ̀dù tiwa ní Egan, lẹ́yìn àdúrà, búrẹ́dì ló kàn. Kò sí i nínú òfin ẹgbẹ́. Èmi ni akọ̀wé, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣe àdúrà onígbàgbọ́ tán, tí wọ́n ṣe ti mùsùlùmí lé e, ojú gbogbo èèyàn á yí sí ẹnu ọ̀nà, páálí búrẹ́dì á sì wọlé. Olúkúlùkù á mú odindi kan. Àwọn tó ní eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ níbẹ̀, àwọn tí kò ní á dì í sínú ọ̀rá lọ sílé. Ọ̀kan nínú wa ló ń fi ta wá lọ́rẹ, ọkùnrin tó ni ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ọgbà mi. Òun náà ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tiransifọ́mà àdúgbò, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Tí iná bá dé, àwọn kan máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Èmi kì í ṣe ará ibí. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Èkó, èmi àti olóògbé ọkọ mi sì ra ilẹ̀ ní Egan nígbà tí àwọn èèyàn ń bi wá pé ṣé ọdẹ la fẹ́ máa ṣe. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ní ilé, mo ní bóhóòlù, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tíṣà ni àdúgbò ń pè mí. Ojú tí mo fi ń wo àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà náà lọ́hùn-ún ni mo fi ń wo àwọn àgbàlagbà inú míìtìn. Wọ́n mọ̀, wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀.

Àwọn tó ń po búrẹ́dì fún ọ̀gá yìí, òdìkejì bodè Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àdúgbò ń pè wọ́n ní Àgànyìn. Wọn kì í ṣe Àgànyìn, àmọ́ àdúgbò wa ti pinnu pé ẹni yòówù tó bá gba bodè yẹn wọlé, orúkọ kan ti tó o. Mo bi ọ̀gá búrẹ́dì léèrè nígbà kan ìdí tí kì í fi gba ọmọ àdúgbò síṣẹ́. Ó ní ọmọ àdúgbò ní bàbá, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní pásítọ̀. Béèyàn bá bá a wí lónìí, gbogbo wọn á dé lọ́la. Ó ní àwọn Àgànyìn ò ní wàhálà. Mo rò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ò sì dùn mọ́ mi nínú.

Àárọ̀ ni wọ́n máa ń wá pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ mi, torí omi ilé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ló wà fún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ obìnrin kan nínú wọn. Á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àjàṣẹ́ ló ti wá, ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé níbẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀, ìdí ọpọ́n ìyẹ̀fun ló ti kọ́ ọ, nítorí náà ó ti mọ gbogbo èébú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní èyí tó kù. Mọ́mì ló ń pè mí. Kì í jókòó tí mo bá wà lórí ìdúró. Bí mo bá sọ fún un pé kó jókòó, á ní òun ti jókòó, á sì wà lórí ìdúró.

Iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, máníjà á ti ilẹ̀kùn ńlá pa láti ìta, á fi àgádágodo sí i, á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé rẹ̀ ní Ìgàndò. Ó ní búrẹ́dì ń dín. Bó bá di ìdájí, á padà wá ṣí wọn sílẹ̀ bí ẹni ṣí adìyẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. A máa ń gbọ́ ìró àgádágodo náà, a sì máa ń fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ní òru ọjọ́ kan, àpò ìyẹ̀fun tó ṣófo gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Omi tí wọ́n fẹ́ fi po ìyẹ̀fun ni wọ́n fi pa iná náà. Búrẹ́dì pẹ́ kó tó jáde lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tí àdúgbò mọ̀ nípa iná náà kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí obìnrin náà wá pọnmi, mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi gbé korobá. Aṣọ ló wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kó tú u. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kó tú u. Awọ ọwọ́ náà ti bó láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n sì ti da epo pupa lé e. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń ta oògùn ní òpin títì wa, ibẹ̀ ló ti sọ èyí tó kù. Ó ní bí ọ̀gá ṣe dé láàárọ̀, òun lọ bá a, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mọ́. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Bí ọ̀gá ṣe lọ tán ni máníjà gbá a létí, torí pé ó gba orí òun kọjá. Ó sì sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá tún lanu, ọ̀gá á ní kí ìjọba wá kó o dà sódìkejì bodè.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun. Mo rò pé á ní owó oògùn, tàbí pé kí wọ́n lé máníjà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, ilẹ̀kùn yẹn ni. Kí wọ́n ṣáà má tì í mọ́ wa.”

Mo ní kí ló dé tí kò kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní tí òun bá lọ, ẹlòmíì á wọlé, ilẹ̀kùn náà ni wọ́n máa tì mọ́ onítọ̀hún.

Inú bí mi. Tí inú bá ń bí mi, mo máa ń wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo lọ sílé alága wa. Ará Oǹdó ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí kì í jalè, tí kì í purọ́, tó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó bá ọ̀gá búrẹ́dì sọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí ilẹ̀kùn náà, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ mi dáadáa. Ó kẹ́dùn. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe ọ̀gá búrẹ́dì lójú mi.

“Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yín ló fẹjọ́ yín sùn níbí, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ní Sọ́ńdè, kẹ́ ẹ wá wí tẹnu yín.”

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Ó gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Mo ní, “Alága, ẹ ti ba ayé ọmọ yẹn jẹ́.” Ẹnu yà á. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àbí mo fẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn ni?

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, pé kì í ṣe ìkà. Ká ní ìkà ni, ǹ bá mọ ohun tí màá pè é. Ó fẹ́ kí ẹni tí wọ́n lù àti ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti lù ú jókòó síwájú ara wọn, kí kálukú wí tiẹ̀, kí àgbà dá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe ń ṣe é ní Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe bá a nílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tó ní ilé tí wọ́n lè padà sí lẹ́yìn ẹjọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹrù rẹ̀ ti wà níta ilé búrẹ́dì. Báàgì kan àti ìkòkò kan ni. Mo ní kó kó o wá sí yàrá ẹ̀yìn tí mo ń kó iṣu sí. Ó to iṣu mi lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò tò ó rí, àwọn tó tóbi nísàlẹ̀, àwọn tó kéré lókè, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sí àyè tó kù. Mo ní kó máa wá sùn sí pálọ̀. Ó ní òun ti wà ní pálọ̀.

Sọ́ńdè pé. A gbàdúrà. Búrẹ́dì wọlé. Ó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì fi èso àjàrà gbígbẹ sínú rẹ̀, èyí tí a ò rí rí ní míìtìn wa. Mo gbé tèmi sórí tábìlì níwájú mi, mo sì wò ó bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá búrẹ́dì jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Wọ́n ní kí obìnrin náà kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí pé iwájú àgbà ló wà. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ní ọmọ òun ni gbogbo wọn. Ó ní àgádágodo yẹn, nítorí tiwọn ni, kí adigunjalè má bàa wọlé bá wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi orí. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, nǹkan wà lẹ́nu wọn.

Mo dìde, mo ní tó bá jẹ́ pé nítorí adigunjalè ni, kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ fi ń sùn ní Ìgàndò. Alága ní kí akọ̀wé jọ̀ọ́ kó kọ̀wé. Mo jókòó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní kí akọ̀wé kọ̀wé.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà dá ẹjọ́. Wọ́n ní ọ̀gá jẹ̀bi díẹ̀; kó yọ àgádágodo náà. Wọ́n ní obìnrin náà jẹ̀bi, torí pé èèyàn kì í gbé ọ̀rọ̀ inú ilé sí ìta. Kó bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní òun ti forí jì í, kó padà síbi iṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá sàn, òun á sì yọ àgádágodo. Alága wá ṣe ọ̀rọ̀ ìparí. Ó ní a ti yanjú ẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ẹni tó bá tún hú ọ̀rọ̀ náà jáde, gbogbo ilé yìí ló bá jà. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé tiwa ò dé kóòtù. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a gbọ́ ìró àgádágodo.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ń gbálẹ̀ ìta nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú géètì mi. Ọ̀gá búrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e. Aṣọ ìjọba ló wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀ka wo nínú ìjọba, wọn ò sọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àlejò kan wà nínú ilé mi tí kò ní ìwé ìgbélùú, pé kó bá àwọn ká lọ. Ọ̀gá búrẹ́dì ò wo ojú mi. Ó ń wo bóhóòlù mi bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Obìnrin náà wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ti gbọ́. Kò sá, kò sunkún. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ òsì rẹ̀ sára ìró, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa lanu mọ́ nínú ilé búrẹ́dì yẹn títí iná máa fi jó o.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n lọ wọ bàtà. Wọ́n ní kò burú.

Mo wọlé, mo pe alága. Mo ti rò ó wò kí n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Tí mo bá ní wọ́n fẹ́ gbé Àgànyìn lọ, á ní ó mà ṣe o, á sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Nítorí náà mi ò dárúkọ obìnrin náà rárá.

Mo ní, “Alága, ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọ̀gá búrẹ́dì ti hú u jáde. Ó ti gbé e lọ bá ìjọba. Wọ́n wà lẹ́nu géètì mi.”

Ó ní, “Èyí tá a ti ṣe àmín sí?”

Mo ní èyí náà gan-an ni.

Èmi ò tíì so okùn bàtà mi tán tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Òun ò tiẹ̀ wọ bàtà rárá. Ó ti pe àwọn tó kù lójú ọ̀nà, wọ́n ń ya wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, àwọn tí kì í jí bọ̀rọ̀, ẹnì kan tiẹ̀ mú búréṣì ìfọyín dání. Àwọn èèyàn tí ọwọ́ tó jóná ò lè gbé dìde lórí àga. Alága dúró síwájú ọ̀gá búrẹ́dì.

“Ẹ ò kà wá sí. Ẹ jókòó sáàárín wa, ẹ ṣe àmín, ẹ wá lọ mú aṣọ ìjọba wọ àdúgbò lé wa lórí. Ẹ ò kà wá sí rárá.”

Ọ̀gá ní kì í ṣe tàwọn àgbà, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ẹni tó ní búréṣì ń fi í nà án bí ọ̀pá. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin méjì náà ní kí wọ́n ṣe sùúrù, òun kàn ń béèrè ni, èwo ni àlejò nínú gbogbo wọn?

Ìyá tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Onílẹ̀ ti dé nígbà náà. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, lọ́wọ́ wọn la ti rà á. Kì í wá sí míìtìn wa, ó ní míìtìn àwọn àlejò ni. Orín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́.

“Ọmọ mi, àlejò lò ń wá? Wá, jẹ́ n kà wọ́n fún ọ. Alága yìí, Oǹdó ló ti wá, mo rántí ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà yìí, Èkìtì ni. Oníbúrẹ́dì tó pè ọ́ yìí, orí ẹ̀gẹ́ mi ló kó yanrìn ẹ̀ sí, kò tíì bẹ̀ mí dòní. Ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ọkọ mi. Ọmọ tó o wá mú yìí nìkan ló ń kúnlẹ̀ kí mi nínú gbogbo wọn. Bó bá ṣe àlejò lo fẹ́ kó, ọkọ̀ rẹ kéré, jàre.”

Ó dá orín rẹ̀ padà sẹ́nu.

Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà. Ó bi í pé ṣé ó ní káàdì ìlú rẹ̀, ó ní òun ní in, ó mú un wá. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó lọ sí bodè kó lọ gba ìwé ìgbélùú kí oṣù tó parí. Ó yí sí ọ̀gá búrẹ́dì, ó ní ohun tó sọ fún àwọn ni pé olè tí kò níwèé ni, kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ jóná. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn. Wọn ò gbé ọ̀gá búrẹ́dì dání, ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn àgbà tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì ní kó tú àgádágodo náà lójú àwọn. Ìyá Onílẹ̀ gbà á, ó ní kò dáa kí irin dáadáa ṣòfò, ó fi ti ilé adìyẹ rẹ̀. Ọ̀pá ìdábùú ló wà lára ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì báyìí, láti inú ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi í. Máníjà ń kí mi bí ẹni ń kí òjò. Obìnrin náà lọ sí bodè, ó sì padà wá. Èmi ni mo bá a lọ, nínú bàtà mi.

Ní míìtìn tó tẹ̀ lé e, búrẹ́dì ò wọlé. A ṣe àdúrà méjèèjì, a wo ẹnu ọ̀nà, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí alága ní ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn wà, ẹni mẹ́ta na ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni gbogbo wọn fẹ́ sọ. Alága ní àwọn á rán àgbà méjì lọ parí ìjà náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí búrẹ́dì fi padà. Kò sí èso àjàrà nínú rẹ̀ mọ́ ṣá.

Obìnrin náà ti padà sídìí ìyẹ̀fun, torí ọmọ rẹ̀ ń jẹun. Yàrá iṣu ló ṣì ń sùn lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wá pọnmi, ó gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ, ó dúró, ó ń wo omi. Ó ní, “Mọ́mì, ká ní ọ̀gá ò rí àwọn àgbà fín ńkọ́? Ká ní ó kàn tún ti ilẹ̀kùn náà, kó má pe ẹnikẹ́ni. Ṣé wọ́n á wá?”

Ó ń wo ojú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì mọ ìgbà tí ọmọ kíláàsì ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè.

Mo ní kó gbé korobá rẹ̀, ó ti kún.